Mẹ́mọ́rì Ṣẹ́kù, Àyè Ò Sí: ESP32 àti Ẹyin 500 ní Ìsẹ̀-Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ fi íápíìsì sétí nínú ọkọ̀ Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ pọn fóònù yín lówó díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òní gùn.

Ìbéèrè kan ló ń tún ara rẹ̀ bi nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ó máa ń lọ báyìí: “Mo gbé kóòdù ESP32 mi lọ sí Arduino core tuntun. Kò sí ohun tí mo yí padà. Bọ́ọ̀dù mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí. Mo yẹ heap wò, mẹ́mọ́rì ṣì kù rẹpẹtẹ. Kí ló dé?” Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: iye tó ṣẹ́kù kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo bí àyè tó ṣẹ́kù ṣe so pọ̀ mọ́ra tó. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kúkúrú kì í tún bọ́ọ̀dù ṣe, nítorí náà màá fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe ní Ìsẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí heap jẹ́. Tí ẹ bá pe heap lójú àgbẹ̀ Èkìtì, ebè iṣu ló máa rò. Tiwa yìí kì í ṣe ebè. ESP32 tí ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai gbé jáde ní 2016 ní mẹ́mọ́rì 520KB péré. Fóònù tó ní 4GB lọ́wọ́ yín fi ohun tó ju ìlọ́po 8,000 jù ú lọ. Inú 520KB yẹn ni Wi-Fi ti ń jẹ, Bluetooth ti ń jẹ, kóòdù tó gbọ́dọ̀ yára náà ń jẹ níbẹ̀. Heap ni ibi tí kóòdù yín ti ń tọrọ àyè nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ń dá a padà tó bá lò ó tán. Fóònù yín tún ní ọgbọ́n kan: ó lè mú àyè tó fọ́n káàkiri, kó ṣe é bí ẹni pé ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. ESP32 kò lè ṣe ìyẹn. Ibi tí nǹkan bá wà, ibẹ̀ náà ló wà.

Ẹ ro ọjà. Ìsọ̀ ogún ló wà lórí ìlà kan. Àwọn aláta gba ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń dé. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ìsọ̀ mẹ́jọ ti ṣófo, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó ṣófo tó fara kan ara wọn. Alágbàdo wá gbé ọkọ̀ ẹrù dé, ó ní ìsọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀léra lòun ń fẹ́. Olórí ọjà wo ìwé rẹ̀, ìsọ̀ mẹ́jọ ṣófo. Ó wo ìlà, kò sí àyè. Kò sì lè ní kí aláta sún díẹ̀, torí gbogbo oníbàárà aláta ti kọ nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá sún, wọn ò ní rí i mọ́. Bí mẹ́mọ́rì ṣe máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwọn ọmọ Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, British Museum ló wà dòní. Òpó kan wà ní Art Institute of Chicago: ọba jókòó, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, ara ìtì igi kan ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ẹ kó igi ìdáná ẹgbẹ̀rún kan wá fún Ọlọ́wẹ̀, kò ní lè fi gbẹ́ òpó yẹn. Igi ìdáná yẹn lè wúwo ju ìtì lọ, ṣùgbọ́n ìtì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Nínú ESP32, HTTPS ni oníṣẹ́ tó ń fẹ́ ìtì. Ìgbàkigbà tí bọ́ọ̀dù yín bá fẹ́ bá Telegram tàbí sáfà kankan sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, TLS ló ń lò. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú TLS lè tó báìtì 16,384, nítorí náà TLS máa ń tọrọ àyè tó ju 16,000 báìtì lọ díẹ̀, ní ojú kan, láìgé. Ó tún ń tọrọ òmíràn láti fi kọ ọ̀rọ̀ jáde, àti wẹ́wẹ́ púpọ̀ sí i nígbà tó bá ń kí sáfà. Tí kò bá rí ti àkọ́kọ́ yẹn gbà, ẹ máa rí nọ́ńbà kan lójú Serial Monitor: -32512. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé TLS tọrọ mẹ́mọ́rì, wọn ò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí nọ́ńbà yìí rí, mo mọ̀ pé ẹ ti mí kanlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìsẹ̀.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin, tó ń ta òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan fún àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ìsẹ̀, Emùré àti Ìkẹ́rẹ́. Ẹyin adìyẹ ń lo ọjọ́ 21 kó tó pa. Ooru inú ínkúbétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 37.5 lórí Celsius, kí wọ́n sì máa yí ẹyin náà lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ 18. Láti ọjọ́ 18, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí i mọ́, torí òròmọdìyẹ ti ń gbé ara rẹ̀ sí ipò tó máa fi fọ́ èèpo jáde. Ẹyin 500 ló wà nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n wà, àwọn tó fẹ́ rà á sì ti san àsansílẹ̀.

ESP32 ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ọmọkùnrin tó ṣe é ti lọ sí Èkó. Ọmọ màmá ló ra sensọ̀ ọ̀rinrin tuntun, láíbírì sensọ̀ yẹn sì ń béèrè Arduino core ẹ̀yà 3, èyí tó jáde ní 2024 lórí ìpìlẹ̀ ESP-IDF 5.1. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ìrìn yẹn mọ̀ pé ẹ máa fi ledcAttach rọ́pò ledcSetup àti ledcAttachPin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kóòdù yín ò ní kọ́ńpáìlì. Wọ́n ṣe ìyẹn, fáànù yí, ayọ̀ dé. Lọ́jọ́ kejì, Telegram bẹ̀rẹ̀ sí í dún: “Mo ti jí.” Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kọ nìyẹn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, “Mo ti jí.” Lẹ́yìn wákàtí méje, “Mo ti jí.”

Màmá ò tiẹ̀ wo Telegram. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

“Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ń tòògbé. Fáànù rẹ̀ á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀.”

“Láti ìgbà wo, mà?”

“Ó ti pẹ́. Tẹ́lẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ díẹ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé iná ló ń fà á. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Inverter ló gbé ẹ̀rọ náà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fa Telegram sẹ́yìn, mo sì rí i: kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sí ẹ̀yà 3, “Mo ti jí” ti ń wọlé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án síra. Àìsàn náà ti wà lára tipẹ́. Ẹ̀yà tuntun ń ṣe ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń jẹ mẹ́mọ́rì ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, nítorí náà ohun tó máa ń gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó dé bèbè wá ń dé bèbè ní wákàtí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà nígbà tí ọmọ màmá ní ká kàn dá a padà sí ẹ̀yà 2. Ó máa dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè ṣèlérí pé kò ní jẹ́ ọjọ́ 19 ló máa tún kú? Gbogbo ìgbà tó bá sì jí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń yí àwo ẹyin lọ dé ìbẹ̀rẹ̀ kó lè mọ ibi tó wà. Ní ọjọ́ 19, ìyẹn kò dára rárá.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Mo fi ẹ̀yà 2 sínú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹyin lè sinmi, mo sì gbé kóòdù náà padà sí Ìkẹ́rẹ́, sórí bọ́ọ̀dù tó jọ ọ́ tó wà lórí tábìlì mi.

Ìlà mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ fi sí i, kó máa tẹ̀ wọ́n jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: ESP.getFreeHeap(), ESP.getMinFreeHeap() àti ESP.getMaxAllocHeap(). Èkíní ni gbogbo àyè tó ṣófo, ìsọ̀ mẹ́jọ inú ìwé olórí ọjà nìyẹn. Èkejì ni ibi tó kéré jù tí àyè náà ti dé rí láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti tan. Ẹ̀kẹta ni ìtì tó gùn jù tó ṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ jáde, òun gan-an ló sì ń sọ òótọ́.

Mi ò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo lè fi dúró, torí náà mo yí aago padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà ń ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ iṣẹ́ 1,296. Báyìí, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 ló máa gbà. Mo fi ẹ̀yà 3 sí i, mo lọ jẹ iyán. Nígbà tí mo padà dé, ó ti kú, ó ti jí lọ́pọ̀ ìgbà. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kí ó tó kú: heap tó ṣófo jẹ́ bíi 52,000, ìtì tó gùn jù kò pé 16,000. Lẹ́yìn rẹ̀, -32512 lẹ́ẹ̀marùn-ún, torí ẹni tó kọ kóòdù náà ti ní tí ìránṣẹ́ bá kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí bọ́ọ̀dù tún ara rẹ̀ tan.

Ìlà yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ. Ẹ ṣàánú mi, Telegram ò mọ ẹyin. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ̀rọ máa mú ẹyin gbóná lọ láìsọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú Apollo 11 ní July 20, 1969 mọ èyí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, ó ń ké 1202, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ pọ̀ débi pé kò sí àyè mẹ́mọ́rì tó lè fi fún iṣẹ́ tuntun. Ohun tó gbà wọ́n ni pé àwọn tó kọ kóòdù rẹ̀ ti ṣètò kó ju iṣẹ́ tí kò pọndandan dànù, kó sì máa darí ọkọ̀ lọ. Ínkúbétọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wá ẹni tó ń jẹun láìṣiṣẹ́. Bluetooth ni. Wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi sínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. BLEDevice::deinit(true), ìlà kan péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún báìtì padà wálé. “True” inú àkámọ́ yẹn ṣe pàtàkì: òun ló ń sọ pé ká dá mẹ́mọ́rì rẹ̀ padà pátápátá. Àmọ́ ẹ rántí pé tí ẹ bá ti ṣe é, Bluetooth ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi tí bọ́ọ̀dù bá tún tan.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa dúró, kí wọ́n ní ó ti parí. Kò tíì parí. Mo tún un sá fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ míì, heap tó ṣófo dúró ṣinṣin, ìtì sì ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ṣì ń gé e.

String ni. Kóòdù náà ń kó ooru àti ọ̀rinrin wákàtí 24 jọ sínú String kan ṣoṣo: bí nọ́ńbà tuntun bá dé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́. String tó gùn sí i kò gba ibi tó wà mọ́, ó kó ẹrù lọ síbi tó tóbi, ó fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ohun kékeré míì wá jókòó sínú ihò yẹn. String tún gùn sí i, ó tún kó lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, tọ̀sán-tòru. Aláta inú ọjà wa nìyẹn, tó ń pààrọ̀ ìsọ̀ lójoojúmọ́.

Mo sọ ọ́ di àtẹ nọ́ńbà tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Wákàtí 24 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá jẹ́ ìwọ̀n 144. Ooru 37.5, mo fi 375 pamọ́, báìtì méjì. Ọ̀rinrin náà, báìtì méjì. Gbogbo rẹ̀ di báìtì 576, ó sì wà ní ojú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kọ̀wé sí Telegram, snprintf ló ń kọ ọ́ sínú àpótí kan tí mo ti yà sọ́tọ̀. Kò sí String nínú loop mọ́.

Ohun kẹta ni ètò ìwọlé. Nínú setup(), kí ẹnikẹ́ni míì tó tọrọ àyè, TLS ni mo jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé nígbà tí ìtì ṣì gùn, mo sì jẹ́ kí ìsopọ̀ náà wà ní ṣíṣí dípò kí a máa dá a sílẹ̀, ká máa tú u ká ní gbogbo ìgbà. Tí sáfà bá já a, kò burú. Àyè rẹ̀ máa ṣófo, ó sì máa padà síbẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń rìn káàkiri tó máa gbà á. Gerard Holzmann ti JPL, ní NASA, kọ òfin mẹ́wàá jáde ní 2006 fún àwọn tó ń kọ kóòdù tí kò gbọ́dọ̀ kùnà. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbéra tán, kò gbọ́dọ̀ tọrọ mẹ́mọ́rì mọ́. A ò lè pa òfin yẹn mọ́ pátá lórí ESP32, Wi-Fi fúnra rẹ̀ ń tọrọ. Ṣùgbọ́n kóòdù tiwa lè sún mọ́ ọn.

Ìyókù kéré. Iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan sójú síkírìnì gba stack 10,000 báìtì. UxTaskGetStackHighWaterMark fi hàn pé kò lo ju nǹkan bí 3,000 lọ rí. Mo fún un ní 4,096. Ẹ má gé e súnmọ́ ẹran o, stack tó bá kún àkúnya máa pa bọ́ọ̀dù yín lọ́nà tó burú ju ti heap lọ.

Ẹnì kan máa sọ pé, “Ṣé ẹ ò lè fi setInsecure sí i ni?” Ohun tí ìyẹn ń pa tì ni àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí sáfà. TLS ṣì ń fẹ́ ìtì rẹ̀. Ẹ ti sọ ààbò nù, ẹ ò sì rí àyè tí ẹ ń wá.

Lóru ọjọ́ 16, bọ́ọ̀dù orí tábìlì mi ránṣẹ́ láti alẹ́ di àárọ̀. Ìtì tó gùn jù lágogo mẹ́wàá alẹ́ àti lágogo mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ iye kan náà, kò yẹ̀. Ọjọ́ 17, mo gbé e lọ sí Ìsẹ̀, ẹ̀yà 3 pẹ̀lú sensọ̀ tuntun. Mo tún fi Preferences pa ọjọ́ tí ẹyin wà mọ́, kó má baà yí àwo lẹ́yìn ọjọ́ 18 bí ohunkóhun bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 18 dé, àwo dúró jẹ́ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ 21, màmá gbé fóònù sẹ́bàá ẹ̀rọ náà kí n lè gbọ́ igbe òròmọdìyẹ. Wọ́n ní, “Kò tòògbé.” Wọ́n sì pa fóònù, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kó tó tó àkókò. Àwọn tó ń béèrè bóyá kí wọ́n ra bọ́ọ̀dù tó ní PSRAM: ESP32-WROVER ní i, àyè rẹ̀ sì pọ̀ gan-an, mẹ́gábáìtì ni wọ́n ń kà á. Ó lọ́ra ju ti inú lọ, lórí ESP32 àtètèkọ́ṣe DMA kò sì lè lò ó. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ rà á. Fún ínkúbétọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ String.

Àwọn tó ní ESP8266: heap tiyín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo getMaxFreeBlockSize dípò getMaxAllocHeap. BearSSL tiyín ní setBufferSizes tó lè dín àyè TLS kù, àmọ́ àfi tí sáfà bá gbà láti máa fi ọ̀rọ̀ kéékèèké ránṣẹ́. ProbeMaxFragmentLength ni ẹ máa fi bi í.

Ẹni tó ní òun kàn ń tún bọ́ọ̀dù òun tan láago méjì òru lójoojúmọ́, pé kò sí wàhálà: tó bá jẹ́ aago ara ògiri ni, mi ò bá ẹ jà. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ẹlẹ́mìí wà lábẹ́ rẹ̀, fi ìlà mẹ́ta yẹn sí i lálẹ́ òní, jẹ́ kó sá di àárọ̀, kó o sì fi nọ́ńbà tó bá jáde ránṣẹ́ sí wa. A máa kà á lórí ètò. Ó dìgbà o.